Ìtàn Ẹ̀rù Tí Àwáwù Kọ Nípa Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi àkọ́bí yín ni mò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àwáwù ló wà lórí ìwé yìí. Ẹ ò bá Àwáwù láyé. Ọmọbìnrin tí ọmọkùnrin mi àgbà bí ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sáńgó tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ẹ ò fi mí sí ilé ìwé, n kò sì bá yín bínú lórí ìyẹn mọ́. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ó kọ ọ́, kí ó má fi ẹwà kankan kún un. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ rọra máa sọ ọ́ o, ọwọ́ mi kì í ṣe ẹ̀rọ." Mo ní kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ara mi le díẹ̀. Orúnkún òsì nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣáájú mi wá bá yín, ẹ bá mi kí i. Oko ò sí mọ́. Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ilo-Awela, tí ojú ọ̀run sì mọ́, mo máa ń rí èéfín lókèèrè, mo sì mọ̀ pé ibi tí ẹ̀gẹ́ yín wà tẹ́lẹ̀ ló ti ń jáde. Irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ń yọ́ ọ bí ẹni yọ́ òrí.

Ṣé ẹ ṣì rántí àwọn ìtàn tí ẹ máa ń sọ fún wa nínú abà nígbà tí òjò bá dá wa dúró? Ìtàn òkú tó padà wá gba bàtà rẹ̀. Ìtàn obìnrin tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ìkòkò omi. Bí ẹ bá ti dé ibi tó le jù, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó mú orógbó jáde lápò, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná bó o. A ó máa wo ọwọ́ yín. Sàlámọ́tù àbúrò mi á ti sá sẹ́yìn mi. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Èmi gbà pé ẹ̀rù kankan kò sí nínú àwọn ìtàn yẹn. Inú orógbó yẹn ni ẹ̀rù wà.

Àwáwù jogún rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìyànà Iyesi. Ìtàn ẹ̀rù ni wọ́n ń kọ, àti ewì ẹ̀rù, wọ́n á sì kà á fún ara wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Èyí tó wà nílùú yìí kò wá tó yín, tí ẹ fi ń jókòó ṣe tuntun?"

Ó ní, "Bàbá àgbà, èyí tó wà nílùú, a ò lè dá a dúró. Èyí tí a bá kọ, a lè pa ìwé rẹ̀ dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ti gbogbo wọn fún mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo sì di adájọ́ wọn láìṣe pé ẹnikẹ́ni yàn mí. Ẹnì kan kọ ti òkú tó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Mo ní kí ó lọ sọ fún un pé òkú tó bá ń pariwo, ebi ló ń pa á. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí èèyàn sá fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára wọn tó wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ń ṣiṣẹ́ irin. Ewì tirẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n mo ti há a sórí:

Irin pọ́n, ó pè mí lórúkọ tí ìyá mi nìkan mọ̀.
Mo ní n kò sí nílé.
Ó ní, ta ló wá dáhùn?

Ẹ̀yin náà ì bá bó orógbó lé èyí lórí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Àwáwù mú ìtàn tirẹ̀ wá. Ilé iṣẹ́ irin kan ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ iná ìléru ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin, níbi tí abà àti pèrègún wà tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ kan sùn sínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé àwọn ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ta oko, àṣé wọn kò gbé e. Bí iná náà bá ti gbóná, ilẹ̀ á máa là, ìlà tó là náà á sì dà bí èèyàn tó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Òkú náà kò pariwo. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ló ń pè, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun.

N kò jẹ́ kí ó kà á tán. Mo dìde, àga ṣubú. Mo ní, "O ò ní fi bàbá mi ṣe iwin!"

Ó ní, "Kì í ṣe bàbá yín, ìtàn ni."

"Ìtàn tó ní abà? Ìtàn tó ní pèrègún?"

"Bàbá àgbà, oko wo ni kò ní pèrègún?"

Mo ní bí ó bá gbé e fún ẹnikẹ́ni, kí ó má pè mí ní bàbá mọ́. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ìtàn wọn jọ sínú ìwé kan, tirẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣíwájú. Ó lè fún wọn láìsọ fún mi. N kò mọ ìwé kà, báwo ni n ó ṣe mọ̀? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, òun á yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí kò ka nǹkan kan fún mi. Ó ń kí mi, ó ń gbé oúnjẹ mi wá, ó ń lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn ó parí àkójọ ìwé náà, wọn kò sì ní gba ìtàn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi pè é lónìí pé kí ó mú bírò wá.

Bàbá, ẹ fetí sí mi. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ní oko ni kí a sin yín sí, a sì sin yín sí oko. Mo gbin pèrègún sí ibi orí yín bí gbogbo àgbẹ̀ ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ti gbin pèrègún sí ààlà oko yẹn kí n tó gbọ́n. Ọdún gorí ọdún, apá ibẹ̀ di igbó, a ò dá a mọ́. Nígbà tí a wá ta ilẹ̀, tí mo sì lọ láti gbé yín wá sílé, pèrègún méjì ló kù: ọ̀kan lẹ́bàá odò, ọ̀kan nídìí àgbálùmọ̀. Mo ní ti ẹ̀bá odò ni. Sàlámọ́tù ní ti ìdí àgbálùmọ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí àgbálùmọ̀ ni. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún."

Mo ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé ẹkún lo fi bo ojú, kí lo rí?" Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó padà sílé lọ bá àwọn obìnrin tó ń dáná, ó sì lọ. Mo ní kí àwọn tó kù náà lọ dúró dè mí nílé.

Mo háyà àwọn méjì tó ń gbẹ́lẹ̀, àlejò láti ìhà Ọ̀yọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ihò náà bò wọ́n lórí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ilẹ̀ tí ọkọ́ ti kàn rí yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ́ kò kàn. Bàbá, ilẹ̀ yẹn, láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ rí. Pèrègún ààlà ni mo ń gbẹ́ ìdí rẹ̀.

Katakata ti wà lápá kejì, ó ń wó igi. Bí mo ṣe gbé ojú sókè ni mo rí i tí ó kọjú sí àgbálùmọ̀. Kò tíì débẹ̀. Ohùn mi ń dún nígbà náà. Bí mo bá kígbe, ọkùnrin tó ń wà á á gbọ́, á sì dúró. Mo la ẹnu. N kò kígbe. Bí mo bá kígbe, Sàlámọ́tù á gbọ́ pé òun ló mọ ojú oórì bàbá wa, pé èmi àkọ́bí kò mọ̀ ọ́n. Mo dúró báyìí, mo wò ó títí igi náà fi ṣubú, títí ó fi tẹ́ gbogbo ibẹ̀ pẹrẹsẹ.

Mo ní kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ máa lọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo bu yẹ̀pẹ̀ pupa sí i, mo dì í. Mo gbé e lé èjìká wálé, obìnrin ń sunkún, Alùfáà ṣàdúrà, a sì rì í síwájú ilé ní Ilo-Awela, a rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e. Ọmọbìnrin mi mẹ́ta ló ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Èmi náà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé apá ọ̀tún rẹ̀ ni kí wọ́n sin mí sí, kí n lè sùn ti bàbá mi.

Bírò ti dúró o. Àwáwù kò kọ̀wé mọ́, ojú mi ló ń wò.

"Bàbá àgbà, ṣé kí n kọ eléyìí?"

"Kọ ọ́."

"Iwájú ilé yẹn, ibi tí Bàbá mi máa ń gbá láràárọ̀... kò sí ẹnì kankan níbẹ̀?"

"Yẹ̀pẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá ń bá ìtàn tèmi jà!" Mo ní kí ó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́.

Mo bi í léèrè ta ló sọ fún un. Ó búra pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún òun. Ó ní òun kàn máa ń rí ògiri ilé iṣẹ́ náà láti inú ọkọ̀ bí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́ ni, òun sì máa ń rò ó pé ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Àbí ẹ̀yin lẹ sọ fún un, nígbà tí ẹ pè mí pè mí tí n kò jẹ́?

Ìyẹn kọ́ ló kàn mí mọ́. Ohun tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ooru. Ẹ ò fẹ́ràn ooru rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ máa ń rẹ aṣọ ìnura sínú omi, ẹ ó tẹ́ ẹ lé àyà, ẹ ó sì ní kí n máa fẹ́ yín títí oorun yóò fi gbé yín. Mo máa ń fẹ́ yín, ọwọ́ á máa ro mí, n kò ní dúró. Ṣé iná yẹn ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ilẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin àti iná náà nípọn tó? Ta ló ń fẹ́ yín?

Mo ti sọ fún Àwáwù pé kí ó fún wọn ní ìtàn náà. Ó bi mí bóyá kí òun fi èyí tí mo sọ lónìí kún un. Mo ní rárá. Èyí kì í ṣe ti ìwé wọn. Ẹnu tó dá irọ́ náà ni yóò tú u. Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ pé kí wọ́n pé jọ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́ sìmẹ́ńtì náà, kí wọ́n fọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní sin mí síbẹ̀, wọn kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n kí Jímọ́ọ̀ tó dé, mo ní láti dé ibì kan. Sàlámọ́tù wà ní Adó-Odò, nílé ọkọ rẹ̀. Òun náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní etí rẹ̀ ṣì mọ́. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó wọ mọ́tò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi, torí pé láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí i, n kò sọ ọ́ fún un rí: Sàlámọ́tù, ìwọ lo jàre. Ó kúrú. Mo ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún sí ara ògiri, n ó sì tún máa sọ ọ́ nínú mọ́tò.

Ẹ sùn re, Bàbá. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin, olórí-kunkun yín.