Ìdí Tí Mo Fi Wọ Inú Ẹ̀rọ Kí N Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Tegan ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Sydney? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, ọkọ̀ ojú irin ò ní gbé ẹ kọjá ibi tí ò ń lọ. Àlàáfíà ni èmi àti Noelene ìyá rẹ wà lóko. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, àmọ́ kò tó bọ́jú. Ajá ti jẹ bàtà mi kan, mo wá ń fi ti bàbá-àgbà rẹ kún un.

Mo rí fọ́ọ̀mù tí o ní kí n tọwọ́ bọ̀, kí o lè fi owó irun àgùntàn tí a tà lọ́dún mẹ́ta ra ìpín nínú kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara. Tegan, owó yẹn nìkan la ní tí ọ̀dá bá tún dé o. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò ra àgbò rí láì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, láì ya ẹnu rẹ̀ wò. Mo ní kí n yẹ àwọn yìí náà wò.

Àwòrán ọ̀gá mẹ́jọ ló wà nínú ìwé ọdọọdún wọn, mo sì wo eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Alága nìkan ló pa ẹnu dé, ìyẹn sì kọ mí lóminú. Mo wá kọ lẹ́tà sí wọn lórí fóònù pé kí wọ́n yá mi ní ẹ̀rọ kan fún òpin ọ̀sẹ̀, kí n fi yẹ igba abo àgùntàn wò, màá fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀! Wọ́n ní kí n má fèsì sí lẹ́tà náà. Mo fèsì pé mo ti gbọ́, mi ò ní fèsì.

Lachie, tó máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré wá yẹ àgùntàn wa wò lọ́dọọdún, tó ń fi ọ̀dà búlúù kun ẹ̀yìn èyí tó bá lóyún ìbejì, ló sọ pé ẹ̀rọ ńlá wọn wà ní ọsíbítù ìlú Dubbo. Mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà wa, mo ní ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Irọ́ gbáà ni, Ọlọ́run dárí jì mí. Ó tẹ̀ mí níkùn, mo figbe ta bí ẹni tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọ̀wé fún mi pé kí n lọ ya àwòrán inú ara níbẹ̀.

Ní Dubbo, wọ́n tì mí wọ inú ihò ẹ̀rọ náà. Mo gbá a lára, irin gidi ni. Nígbà tí mo jáde, mo bọ́ ẹ̀wù, mo kọ ẹ̀yìn sí obìnrin tó ń lò ó, mo bi í pé ọ̀dà wo ló fẹ́ kùn mí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ ẹ̀wù yín, àwọn kì í kun èèyàn níbí. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà máa ń purọ́. Ó ní rárá, àwọn tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń purọ́. Ojú tì mí.

Ní ọjọ́ kẹta, dókítà pè mí. Kò bá mi ṣàwàdà rárá. Ó ní kókó kan wà lára kíndìnrín mi, pé ó kéré, pé orí ló yọ mí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, torí irú rẹ̀ kì í dunni títí á fi pẹ́ jù. Ẹnu mi ò gbà á láti jẹ́wọ́. Sydney ni wọ́n ti máa yọ ọ́, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.

Nípa ìpín náà, o ní iye tí wọ́n ń tà á tó èrè ogójì ọdún. Ta ló máa ra àgbò tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó pa owó ara rẹ̀? Mo ti fẹ́ kọ̀, àmọ́ mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn báyìí. Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ni ín, mo fagi lé orúkọ mi, mo kọ tìrẹ.

Kò wá sí owó lọ́wọ́ mi mọ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, àti ẹ̀wù àwọ̀sùn kan, tèmi ti ya níbi tí kò yẹ kí dókítà rí. Inú àpòòwé ni kó o fowó sí o, mi ò mọ ibi tó ń gbà jáde lára fóònù. Ọlọ́run á dá ẹ sí fún mi, á dá èmi náà sí fún ẹ.

Ìyá rẹ rò pé àgbò ni mo fẹ́ wá wò ní Sydney. Bá mi sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lanu láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo béèrè tíì.

Èmi ni,
Clarrie, bàbá rẹ.