Ọmọńdinrín Màmá

Àbúrò mi,

Ọmọ rẹ ti padà sùn. Bó bá jí, má bá a ká ìka rẹ̀ o, ohun yòówù kó máa fọwọ́ ṣe. Ka èyí tán kó o tó sọ pé orí mi ti dàrú.

Òní ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ wa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti yan àgbà tó máa tọ́ olùkọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan sọ́nà. Ní iléèwé Montessori wa, ọwọ́ la fi ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe ariwo ẹnu. Olùkọ́ á rọra da omi sínú ife, ọmọ á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Màmá wa ló kọ́ àwọn àgbà yẹn, pẹ̀lú ọmọńdinrín wọn tí ilẹ̀kùn há, tó gan, tí kò ṣeé ká mọ́. Màmá ti lọ, ṣùgbọ́n gbogbo olùkọ́ ló ń na ọmọńdinrín sókè, títí dórí àwọn tí kò fojú kàn wọ́n rí. Mo ti múra láti bá wọn wí lónìí. Àbùkù kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Àfi bí ọmọ rẹ ṣe da omi fún mi láàárọ̀ yìí. Ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé, tí a bí lẹ́yìn ìsìnkú wọn! Ọmọńdinrín rẹ̀ nà gbọnrangandan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí bí Màmá ti máa ń ṣe. Ìka mẹ́rin péré ló kàn mí.