Ọmọ Ayò Mẹ́rin Lójúlé Kọ̀ọ̀kan

Bàbá mi ní Ajue,

Irọ́ ni Gàzálì awakọ̀ pa fún yín: n kò ta tẹ́tẹ́ ní Ìbàdàn. Àwòrán ìpolówó ọpọ́n ayò ni mò ń yà nílé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ní kí n fi ọmọ ayò márùn-ún sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè pọ̀ lójú. Mo kọ̀, mo ní mẹ́rin ni.

"Ọmọ oko, ta ló fẹ́ kà á?"

"Bàbá mi ni, sà."

Ó ní kí n kó ẹrù mi. Límátù tó ń gé bébà bá mi bẹ̀ ẹ́, Elisha atẹ̀wé náà bẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù tún dé, n kò kà wọ́n mọ́. Ọ̀gá gbà, mẹ́rin la tẹ̀. Orí bébà nílé ìtẹ̀wé ni mò ń sùn, ó móoru ju ẹní lọ.

Ọ̀kan nínú ìwé ìpolówó náà rèé. Ẹ ka ọmọ ayò rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ bá mi kí Màámi, àti gbogbo ẹni tí ẹ bá nà lórí ọpọ́n lọ́sẹ̀ yìí.

Ọláyídé yín