Ọgọ́rin Ni Mo Fi Wúfà Sí

Ẹ̀gbọ́n Akínọlá,

Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Mọ́mì Beulah bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó ní, "Àbúrò ẹnjiníà, pásítọ̀ tó wá sílé yín lánàá láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó gbádùn ẹ̀rọ orin yín o. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló fẹ́ gbà síṣẹ́ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn." Ó ní ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣètò rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí bọ́tìnnì wúfà, sípíkà ìró ìsàlẹ̀ yẹn, dópin, tí ohùn oníwàásù wá ń jáde lábẹ́ àga bíi ti ẹni tó há sínú àgbá. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mò ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, títí ìró ìsàlẹ̀ fi wọlé jẹ́ẹ́ bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ yẹn ni mò ń wá. Abájọ tẹ́ ẹ fi rán mi lọ ra kọ́tìnnì lọ́jà Tejuoso lánàá.

Ẹ̀bà wà nínú kúlà, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná. Ẹ má yí bọ́tìnnì wúfà náà kọjá ọgọ́rin. Àwọn sípíkà kékeré ló ni ohùn èèyàn, ìró ìsàlẹ̀ nìkan ni ti wúfà.

Ẹ ní kí n tẹ̀ lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pásítọ̀ náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n "kàn wá jọ́sìn". Mi ò ní tẹ̀ lé yín. Mo ti lọ bá pásítọ̀ náà báyìí, láti sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é, kí n sì tọrọ iṣẹ́ náà fún ara mi.

Ayọ̀miídé