Òdòdó Bàbá Rúmà

Èrúwà, Ọjọ́bọ̀, 21 Fẹ́búárì, 1974

Bàbá Rúmà, tíṣà ará Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì tó kángun sí wa, kò wọ bàtà láàárọ̀ yìí. Òdòdó ló kó dání. Làwa bá rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, a rọ́ lọ kí i.

"Ẹ kú àrafẹ́rakù o. Ta ló kú?" Màmá Sàláwù ló bi í.

"Àwọn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa nílẹ̀ wa nírú ọjọ́ òní lọ́dún 1952 ni, Màmá. Wọn ò gbà kí Bẹ̀ngálì, èdè abínibí wa, kú."

Ìyá mi ni mo ń rò látìgbà náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ti kúnlẹ̀ láàárọ̀ báyìí, á máa kì mí, orí mi á wú. Ohùn yẹn...

Nírọ̀lẹ́, mo fi oríkì tí ìyá mi fún ọmọ mi pè é: "Àjọkẹ́!"

Ó wẹ̀yìn. "Mọ́mì, ta lẹ ń pè?"