Òróró Tí Mo Dà Sí Alùpùpù Àyànfẹ́

Akínkúnmi àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàámi ti wálẹ̀.

Àyànfẹ́ ọmọ mi gbé alùpùpù ńlá tó o rà fún un lọ sí Ògèrè, ó ṣubú. Àṣíborí ló kó orí rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kán. Gbogbo ilé ń bú u pé ó sáré jù. Ó ń búra pé bíréèkì ni kò mú. Mẹkáníìkì tú alùpùpù náà, ó ní: "Mọ́mì, ta ló da òróró síbí?"

Èmi ni o! Òróró àdúrà ni. Bíréèkì ni mo dà á sí jù, kó lè mú dáadáa.

Mi ò tíì lè sọ fún Àyànfẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Olúwa á ṣọ́ yín. Láàárọ̀ yìí ni Àyànfẹ́ ní kí n gbé òróró àdúrà náà wá, kí n fi pa ọwọ́ òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Modúpẹ́olúwa