Oorun Ọ̀sán Ìyá Mi

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Símáwà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ má dárúkọ mi.

Dókítà méjì ló ń fún ìyá mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn, kó má baà dà bíi pé ó fojú di wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣèwádìí oògùn táwọn àgbàlagbà ń lò wá sílé wa, wọ́n ní oògùn kan náà ni, àwọ̀ ló yàtọ̀. Wọ́n ní méjèèjì tó ń lò pọ̀ ló ń fa oorun ọ̀sán tó ń kùn ún; kó fi ọ̀kan sílẹ̀, kí oorun náà má baà gbé e lọ.

Ìyá mi ní, “Nínú oorun yẹn ni olóògbé bàbá rẹ ti ń bá mi ṣa obì. Olóríkunkun, ṣé o fẹ́ lé e ni?”

Mo ti kó ọ̀kan kúrò, n kò sì ní dá a padà. Àmọ́ ó ń sunkún. Ẹ̀yin ìyá opó tó ń gbọ́ wa, báwo lẹ ṣe ń rí ọkọ yín láìlo oògùn?